Ahọ́n Idẹ

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀," ni Ìyá Filomẹ́nà wí,
"ti òsì ń jò."
Mo bọ́ bàtà, mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́.
Nǹkan mí kanlẹ̀ nínú igi
bí àgbà tí a jí lójú oorun ọ̀sán
tí kò tíì fẹ́ mọ ẹni tó jí òun.

Ní Kétu, dùùrù oníná ni mò ń tẹ̀.
Tẹ bọ́tìnì, ó di fèrè; tẹ òmíràn, ó di gìtá;
kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni.
Èyí ń béèrè.
Èémí ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹsẹ̀ mi;
bí mo bá sinmi, òun náà a gbé ọ̀rọ̀ mì.

Wọ́n ní ọkọ̀ alájẹ̀ ló gbé e sọdá ọ̀sà wọ Àjàṣẹ́.
Nígbà tí ọkùnrin mẹ́fà ru àpótí náà gba àdúgbò Agúdà kọjá,
àwọn ará ilé ìtòsí ti bú sẹ́kún:
wọ́n ṣe bí pósí ni.
Bàbá Jeroonímò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín,
wọ́n sì bínú sí i títí di ọdún Àjíǹde.

Eyín erin ni eyín rẹ̀,
ó ti pọ́n bí eyín ajobì.
Mẹ́rin ti ká.
Níbi àtẹ̀sẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá ti gbẹ́ kòtò sára igi;
ẹsẹ̀ mi wọ inú rẹ̀, ó ku àyè ìka kan.

Ṣùgbọ́n mí àárín kì í gòkè.
Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, re ló ń dún.
Mo fi ìka pe igbá, igba ló jẹ́ mi.
Mo pe ọkọ́, ó ní ọkọ.
Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu:
"Ọkọ́ lo béèrè, ọkọ ló fún ọ!
Ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń dá sùn, kò fún mi rí."

Ní ọjọ́ kẹta mo tú pákó ẹ̀yìn rẹ̀.
Eruku. Ìyẹ́ aáyán.
Káàdì àdúrà kan tí èkúté ti jẹ orí ẹni mímọ́ rẹ̀.
Àwọn ahọ́n idẹ tò lẹ́sẹẹsẹ,
tín-ín-rín, bí ìpẹ́ ẹja.
Lórí ṣóńṣó ahọ́n mí, ìda àbẹ́là kan wà,
kò ju hóró ẹ̀wà lọ,
àmì ìka ọmọdé ṣì tẹ̀ mọ́ ọn.

Mo gbé e lé ìyá lọ́wọ́. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ọmọ ọdún méje ni mí.
Màmá mi ń kú lọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
bàbá àgbà kò yéé tẹ dùùrù nísàlẹ̀.
Mo fẹ́ kó dákẹ́. Kò dákẹ́.
Ó kàn rẹlẹ̀ ni."
Ó gbé ìka lé àmì náà; ìka ti tóbi jù.
"Ó mọ̀. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó ṣí pákó yìí.
Kò nà mí, kò ha á kúrò.
Bó bá ń tẹ orin, tó bá dé ibẹ̀, a yà
bí ẹni ń yà fún ọmọ tó sùn sójú ọ̀nà."

Mo ti dá ahọ́n náà padà sáyè rẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́. Mí jáde, ó mọ́, ó ga,
bí àlejò tí kò gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílé.
N kò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ sí.
Ìyá dìde, ó ti fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà,
ó padà jókòó, ìda náà ń rọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."